Kí ni ká máa pe antioxidant ní Yorùbá?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, orúkọ mẹ́ta ni wọ́n ti dábàá fún àwọn èròjà inú ewéko tí à ń pè ní antioxidant: “alòdìsí-ọ́síjìn”, “adáàbòbò-sẹ́ẹ̀lì” àti “adènà-ìpáàrà”. N kò lè fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́ rárá, nítorí pé ọ́síjìn ni à ń mí, òun náà ni sẹ́ẹ̀lì sì fi ń sọ oúnjẹ di agbára. Àwọn tí ń ṣe ìpalára ni mólékù tí ń jáde lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn (ẹ̀yà tín-tìn-tín inú átọ́ọ̀mù) kò pé, tí wọ́n sì ń já ti ẹlòmíràn gbà. Bí wọ́n bá kọlu DNA, ìwé ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì, guanine ni wọ́n sábà máa ń bà jẹ́, ìyẹn ọ̀kan nínú “lẹ́tà” mẹ́rin tí a fi kọ ọ́. Á di 8-oxoguanine, èyí tí ó lè bá lẹ́tà adenine so pọ̀ dípò cytosine tí ó yẹ, bí sẹ́ẹ̀lì kò bá sì tún un ṣe kí ó tó pín, àṣìkọ náà á wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun.

“Adáàbòbò” ń ṣe ìlérí tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1994, àwọn ọkùnrin amusìgá tí wọ́n lé ní 29,000 ni wọ́n yẹ̀ wò ní Finland. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ sí i lára àwọn tí wọ́n fún ní oògùn beta-carotene, antioxidant kan náà tí ó wà nínú epo pupa wa.

“Ìpáàrà” tọ̀nà ní tèmi, torí pé irin tí ó dógùn-ún náà, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ ni ọ́síjìn gbà. “Adènà” ni kò tẹ́ mi lọ́rùn: antioxidant kì í kàn dúró lójú ọ̀nà, ó máa ń fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tirẹ̀ tọrẹ, òun fúnra rẹ̀ a sì yí padà. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ń fi ojú rí i. Bí wọ́n bá la hóró tí wọn kò bò dáadáa, inú rẹ̀ á jẹ́ elésè àlùkò. Èyí tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò títí ó fi kan, tí wọ́n sì sá gbẹ, á pọ́n rúsúrúsú, nítorí pé ọ́síjìn ti sọ púpọ̀ nínú polyphenol rẹ̀, ìyẹn antioxidant inú kòkó, di nǹkan mìíràn.

Nítorí náà, “ẹ̀rọ̀ ìpáàrà” ni mo dábàá, nítorí ẹ̀rọ̀ ni à ń pe ohun tí ń tu ohun líle lójú. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù pé wọn yóò kà á sí “ẹ̀rọ” tí ń lo iná, kí ó fi àmì ohùn sí i.