Function dá iye méjì padà: báwo ni mo ṣe lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn?

Ará Kubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Function Python yìí ń ṣírò VAT 7.5% fún ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta táìlì ní Wuse. VAT àti àpapọ̀ owó ló yẹ kó fún mi:

```
def siro(owo):
    vat = owo * 7.5 / 100
    return vat, owo + vat

esi = siro(20000)
print(esi * 2)
```

Mo fẹ́ mọ iye tí ẹni tó ra irú ẹ̀ méjì máa san, ṣùgbọ́n (1500.0, 21500.0, 1500.0, 21500.0) ló jáde. Python ò sì ké pé àṣìṣe wà. Báwo ni mo ṣe lè mú VAT lọ́tọ̀, kí n mú àpapọ̀ lọ́tọ̀?

Ará Gwarinpa
Ẹyọ kan ni function yín dá padà o: tuple kan tó gbé nọ́ńbà méjì sínú. Kọ́mà tó wà láàárín wọn ló di wọ́n pọ̀ bí ẹrù. Ìdí nìyẹn tí `* 2` fi to ẹrù náà lẹ́ẹ̀mejì dípò kó ṣírò. Ẹ tú u níbi tẹ́ ẹ ti gbà á:

`vat, apapo = siro(20000)`

Bó bá jẹ́ àpapọ̀ nìkan lẹ nílò, ẹ kọ `_, apapo = siro(20000)`. Ẹni tó bá ka kóòdù yín á mọ̀ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ ni.

Ará Kaduna
Òótọ́ ni, àmọ́ ewu tó ju ìyẹn lọ wà. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì kọ `apapo, vat = siro(20000)`, Python ò ní sọ̀rọ̀, torí ipò ló ń wò, kì í wo orúkọ. Oníbàárà á sì san ₦1,500 fún táìlì ₦20,000! Lójú tèmi, tí gbogbo iye tí function ń dá padà bá jẹ́ owó, ẹ fún wọn lórúkọ:

```
from typing import NamedTuple

class Esi(NamedTuple):
    vat: float
    apapo: float
```

Kẹ́ ẹ wá kọ `return Esi(vat=vat, apapo=owo + vat)`. Níbi tẹ́ ẹ ti ń lò ó, `siro(20000).apapo` ti tó. Bẹ́ ẹ bá fi ẹ̀dínwó kún un lọ́la, ibi tẹ́ ẹ ti fi orúkọ pè é ò ní bàjẹ́. Ibi tẹ́ ẹ bá ti tú u sí méjì ni "too many values to unpack" á ti yọjú.

Ará Jos
VAT kò sí lórí oúnjẹ tútù bí àgbàdo. Bẹ́ ẹ bá máa lo function yìí fún ìsọ̀ alágbàdo, ẹ má kọ `if ounje: return owo`. Á máa dá ẹyọ kan padà lọ́nà kan, méjì lọ́nà kejì, ibi tẹ́ ẹ ti ń tú u á sì ké "cannot unpack non-iterable int object". `return Esi(0, owo)` ni kẹ́ ẹ kọ. Tó bá jẹ́ NoneType (ìyẹn ni pé function ò dá nǹkan kan padà) lẹ rí nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ wá ọ̀nà tí ẹ ti gbàgbé return.

Ará Kubwa
Ẹ ṣé gan-an. `siro(20000).apapo * 2` ti fún mi ní 43000.0. Mo ń lọ pààrọ̀ gbogbo ibi tí mo ti kọ `esi[1]` láti fi mú iye kejì nínú tuple náà.