Ẹ bá mi wá ọ̀nà etí odò tí màmá mi lè rìn

Àbíkẹ́_Lewisham
Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá mi dé láti Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, ara wọn ṣì le, àmọ́ dókítà wọn ní kí wọ́n máa rìn dáadáa nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, inú fúláàtì ni wọ́n wà, tí wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé bí ẹlẹ́wọ̀n. Mo ti mú wọn yí páàkì àdúgbò wa po lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní àwọn ò rí ìdí tí èèyàn á fi máa rìn yípo kó tún padà síbi tó ti gbéra, pé ẹni tó bá ń rìn, ibì kan ló ń lọ. Òótọ́ kúkú ni.

Ohun tí mò ń wá nìyí: ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lẹ́wà, létí odò, láti ìlú kan dé ìlú kejì, tí a ó sì rí ọkọ̀ wọ̀ padà sílé. Kó má ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, á bá wa lọ, àbúrò rẹ̀ á wà nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ. A ò ní mọ́tò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Arìnnà
Henley sí Marlow! Ẹ má wulẹ̀ wá òmíràn. Odò Thames lápá kan, oko àti igbó lápá kejì. Tẹ́ ẹ bá dé Marlow, ẹ dúró wo afárá rẹ̀: William Tierney Clark tó kọ́ ọ parí lọ́dún 1832 náà ló ya àwòrán afárá ńlá ti Budapest ní Hungary.

Bàbá_Ìbejì
Arìnnà, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ tún ìbéèrè yẹn kà. Henley sí Marlow lé ní máìlì mẹ́jọ. Tó bá rẹ màmá ní àárín méjì ńkọ́? Ta ni yóò pọ̀n wọ́n?

Arìnnà
Mo gbà. Èmi ni mo rìn ín, kì í ṣe màmá mi.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Surbiton
Kingston sí Richmond ni kẹ́ ẹ rìn. Mo ti rìn ín ju ogún ìgbà lọ, ojo àti ẹ̀ẹ̀rùn.

Láti afárá Kingston dé afárá Richmond, nǹkan bíi máìlì márùn-ún ni, kìlómítà mẹ́jọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá á rìn ín ní wákàtí méjì. Ẹ fún màmá ní mẹ́ta, torí wọ́n á fẹ́ jókòó, ọmọ yín náà á sì fẹ́ wo gbogbo pẹ́pẹ́yẹ tó bá rí. Pẹrẹsẹ ni gbogbo rẹ̀, kò sí òkè kankan. Ara Thames Path ni, ọ̀nà ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣí lọ́dún 1996, tó gùn tó 184 máìlì láti orísun odò náà wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Láyé àtijọ́, ẹṣin ló ń rìn níbẹ̀. Wọ́n á so okùn mọ́ ọn lára, á máa fa ọkọ̀ ẹrù tó wà lójú omi. Ẹ ò ní bá àtẹ̀gùn pàdé lójú ọ̀nà, torí pé ẹṣin ni wọ́n la ọ̀nà náà fún.

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Waterloo lọ sí Kingston. Ẹ rìn lọ sétí omi, ẹ kọjú sí odò, kẹ́ ẹ yà sọ́tùn-ún. Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ òsì yín ni odò máa wà títí dé Richmond. Ẹ má sọdá afárá kankan. Tẹ́ ẹ bá ti rí odò lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ ti ṣìnà.

Ọgbà Canbury lẹ máa kọ́kọ́ bá, àga gbọọrọ pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé àwọn awakọ̀ ojú omi, tí ọ̀nà ọlọ́dà á wá tán, tí ilẹ̀ gidi á bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bíi máìlì méjì sí Kingston, etí yín á gbọ́ ariwo omi kí ojú yín tó rí i. Teddington nìyẹn. Wọ́n fi ògiri sé odò níbẹ̀, wọ́n wá ṣe lock mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ lè ráyè kọjá: wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ̀, omi á gbé e sókè tàbí kó gbé e wálẹ̀ bíi garawa nínú kànga, wọ́n á wá ṣílẹ̀kùn kejì. Èyí tó tóbi jù gùn tó mítà 198. Èyí tó kéré jù tín-ín-rín débi pé pósí ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ má túmọ̀ ìyẹn fún màmá. Tẹ́ ẹ bá rí ọkọ̀ tó fẹ́ kọjá, ẹ dúró wò ó, ọmọ ọdún mẹ́fà ò ní gbàgbé ẹ̀ láéláé. Àdúgbò yẹn kan náà ni wọ́n kó ọkọ̀ kéékèèké tó lé ní ọgọ́rùn-ún jọ sí lọ́dún 1940, nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ kó àwọn ọmọ ogun tó há sí Dunkirk ní ilẹ̀ Faransé.

Ìyá_Ádùn
Kẹ̀kẹ́ ọmọ ńkọ́? Mo ti gbé tèmi lọ rí, táyà rẹ̀ kéékèèké bíi ti bọ́ọ̀lù ọmọdé. Láti Teddington síwájú, òkúta wẹ́wẹ́ àti gbòǹgbò igi ni, ọmọ ń gbọ̀n bí ẹni wà nínú mólúè. Tí tiyín ò bá ní táyà ńlá, ẹ fi ọ̀já pọn ọmọ, màmá wà níbẹ̀, wọ́n á bá yín gbà á.

Kò sì sí irin ìdáàbòbò létí omi ní ibi tó pọ̀. Ẹ di ọwọ́ ọ̀gá ọlọ́dún mẹ́fà mú.

Bàbá_Ìbejì
Ohun tẹ́nìkan ò tíì sọ nìyí, òun ló sì ṣe pàtàkì jù: ẹ wo ìgbà tí omi ń kún.

Teddington yẹn ni agbára òkun parí sí. Lókè rẹ̀, odò lásán ni. Nísàlẹ̀ rẹ̀, omi òkun ló ń tì í gòkè tó tún ń fà á padà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Òpó òkúta kékeré kan wà níbẹ̀ láti 1909 tó fi ààlà hàn láàárín àwọn tó ń ṣàkóso odò lókè àti àwọn tó ń ṣàkóso rẹ̀ nísàlẹ̀. Tí òṣùpá bá ti kún, tàbí tí òṣùpá tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ẹ fi ọjọ́ kan tàbí méjì kún un: omi á gun ọ̀nà wá láàárín Ham sí Richmond. Ìrọ̀lẹ́ ló sábà máa ń jẹ́, láàárín aago mẹ́ta sí márùn-ún ọ̀sán, àti lóru tí kò kan ẹnikẹ́ni.

Èmi ò mọ̀. Mo mú àwọn ìbejì lọ, ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n nígbà náà. Nígbà tá a kọjá Ham House, ilé ńlá àtijọ́ kan nítòsí odò, mo rí omi díẹ̀ lójú ọ̀nà, mo ní ojo ló rọ̀. A tún rìn díẹ̀, omi dé kókósẹ̀. Ká tó padà sẹ́yìn, ẹ̀yìn náà ti kún. Mo gbé Táyé sí èjìká, ìyá wọn gbé Kẹ́hìndé, bàtà wà lọ́rùn wa bí ìlẹ̀kẹ̀, omi tó wa dé orúnkún. Àwọn òyìnbó tó jókòó lókè tí wọ́n ń mu bíà ń ki wá kú iṣẹ́.

Ẹ wo àkókò tí omi á kún ní London Bridge lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi wákàtí kan lé e, ti Richmond nìyẹn. Tó bá bọ́ sí ọ̀sán, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn
Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ ní Kingston pé òkúta tí wọ́n ń jẹ ọba lé lórí ni wọ́n fi sọ ìlú náà. Orúkọ yẹn ti wà nínú ìwé lọ́dún 838, "ilẹ̀ oko ọba" ló túmọ̀ sí. Àmọ́ wọ́n jọba níbẹ̀ lóòótọ́: ibẹ̀ ni wọ́n ti dé Athelstan ládé lọ́dún 925.

Ham House lọ́wọ́ ọ̀tún yín, ilé 1610 ni. Owó ni wọ́n ń gbà kẹ́ ẹ tó wọlé. Lódìkejì odò ni Marble Hill, ilé funfun kan tó dá dúró sórí pápá. Ọ̀fẹ́ ni tibẹ̀. Henrietta Howard, àlè ẹni tó padà di Ọba George Kejì, ló kọ́ ọ láàárín 1724 sí 1729. Lára ohun ìní tó ní ni ìpín nínú South Sea Company, ilé iṣẹ́ tó ń ta àwọn ọmọ Áfíríkà lẹ́rú fún ilẹ̀ Sípéènì ní Amẹ́ríkà. Igi mahogany tí wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn inú ilé náà, ẹrú ló gé e. Èmi kì í rìn kọjá ibẹ̀ láìrántí rẹ̀. Ilé náà sì lẹ́wà. Méjèèjì ni.

Sisí_Twickenham
Kí màmá wọ ọkọ̀ ojú omi o! Láàárín Ham House àti Marble Hill, ọkọ̀ kékeré kan ń gbé èèyàn sọdá, Hammerton's Ferry. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Walter Hammerton ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ìdílé ọlọ́lá tó ni Ham House ti ní ọkọ̀ tiwọn nítòsí láti ọjọ́ pípẹ́, ni ẹjọ́ bá dé. Ẹjọ́ yẹn rìn títí dé House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà, Hammerton sì jàre lọ́dún 1915. Atukọ̀ lásán bá ìdílé ọlọ́lá wọ̀yá ìjà, ó borí. Ẹ má gbára lé e nígbà òtútù ṣá.

Pápá ńlá Ham Lands tẹ́ ẹ máa kọjá ṣáájú ibẹ̀, kòtò ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n wa òkúta wẹ́wẹ́ ibẹ̀ tán, wọ́n wá fi àwókù ilé tí bọ́ǹbù wó ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà ogun dí i. Báyìí òdòdó ló hù lé e lórí.

Dèjì_K
Ẹ ṣe é lódìkejì! Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Richmond, ẹ parí sí Kingston, ọjà wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀, owó rẹ̀ ò wọ́n tó ti Richmond.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Surbiton
Dèjì, ẹ ti fi adùn síwájú. Láti Kingston, ńṣe ni ọ̀nà ń dùn sí i. Pápá Petersham ló gbẹ̀yìn, tí màlúù ń jẹ̀ níbẹ̀, Òkè Richmond wá wà lókè rẹ̀. Ìwòran láti orí òkè yẹn nìkan ni ìwòran tí òfin ilé aṣòfin dáàbò bò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1902. Lẹ́yìn náà ni afárá Richmond, tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1777. Kò sí afárá tó dàgbà jù ú lọ lórí Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ti oúnjẹ, ta ló ń ra oúnjẹ? Ẹ dín dòdò láti ilé.

Tó bá rẹ màmá, ẹ yà ní Ham House, ẹ gba Ham Street jáde sí títì. Bọ́ọ̀sì 65 máa gbé yín dé Richmond tàbí kó dá yín padà sí Kingston.

Àbíkẹ́_Lewisham
Mo dé o. A lọ ní Sátidé. Ẹ ṣeun gan-an ni, Bàbá Ìbejì ní pàtàkì: mo wo omi, ọ̀sán ló máa kún, a sì ti gbéra ní Kingston ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀.

Kẹ̀kẹ́ ọmọ ò kọjá Teddington. Màmá wò ó títí, wọ́n tú ìborùn wọn, wọ́n gba ọmọ pọ̀n. Mo ní kí n gbà á, wọ́n ní ta ló pọn ìwọ? A dúró ní lock fún ogójì ìṣẹ́jú torí ọmọkùnrin mi kọ̀, ó ní àfi kó rí ọkọ̀ kẹta.

Àwọn ẹyẹ aláwọ̀ ewé yẹn, ẹ ò sọ fún mi! Wọ́n pọ̀ lórí igi, ariwo wọn bíi ti ọjà Dùgbẹ̀. Màmá ní ayékòótọ́ ni, kí ló ń ṣe nínú òtútù yìí, ta ló fún un ní físà?

Wọ́n wá rí àwọn màlúù Petersham, dúdú iwájú, dúdú ẹ̀yìn, funfun láàárín. "Wò ó, wọ́n gba ọ̀já mọ́kùn." Wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ́, mo rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Àṣé lékeléke ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní àwọn ò rí màlúù tó ń jẹko láìsí lékeléke rí, pé ó dà bí ẹni tí ò lẹ́bí. Ni wọ́n bá ń kọ́ ọmọ mi bí àwọn ṣe máa ń na èékánná sí lékeléke ní kékeré kó lè fún wọn ní funfun.

Ohun tó dùn mọ́ wọn jù ni pé gbogbo ẹni tá a bá pàdé ló ń kí wa. Ní Lewisham, wọ́n ti kí ará ilé kejì títí, kò dáhùn. Létí odò yìí, arúgbó òyìnbó pẹ̀lú ajá á ní "Morning", màmá á ní "Ẹ kú ìrìn o". Nígbà tá a fi máa dé afárá Richmond, wọ́n ti kí tó ọgọ́ta èèyàn, ajá náà ò gbẹ́yìn.

A ò wọ bọ́ọ̀sì 65. A ò gun òkè náà, orúnkún tèmi ló kọ̀. Nínú ọkọ̀ nígbà tá à ń padà bọ̀, màmá ní kí n ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ fún àwọn. Mo kà á tán. Wọ́n ní: "Marlow tí ẹni àkọ́kọ́ yẹn sọ ńkọ́?"

Arìnnà
Ẹ gbọ́ tẹnu màmá!