Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí àwọn ilé ọtí Champagne, abẹ́ ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ múra fún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè ilé ọtí tó yẹ kẹ́ ẹ yà sí ní Champagne, agbègbè ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ti ń ṣe ọtí Champagne, ẹ má fi orúkọ ara ìgò nìkan yàn án. Òkè wọn lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú àjà ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sínú òkúta ẹfun ni iṣẹ́ wà.

Gare de l'Est ní Paris lẹ ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Èyí tó yá ń dé Reims, ìlú tí ọ̀pọ̀ ilé ọtí náà wà, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì yín dáadáa o: ibùdókọ̀ Champagne-Ardenne TGV kì í ṣe àárín ìgboro Reims. Ẹni tó bá sọ̀ síbẹ̀ ṣì máa wọ ọkọ̀ mìíràn.

Ní Pommery, ọ̀kan nínú àwọn ilé ọtí tó wà ní Reims, ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn 116 ló lọ sísàlẹ̀, iye kan náà lẹ ó sì gùn padà, nítorí náà kí ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu kọ́kọ́ béèrè. Ìsàlẹ̀ náà máa ń tutù tó nǹkan bí 10 °C, ì báà jẹ́ ìgbà ooru. Ẹ mú súwẹ́tà dání.

Opó ni ìtumọ̀ "Veuve" tó wà nínú orúkọ ilé ọtí Veuve Clicquot, tó wà ní Reims bákan náà. Ẹni ọdún 27 ni opó Clicquot yìí nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní 1805, òun ló sì ń darí iṣẹ́ náà lọ. Ẹ wo pákó oníhò tí wọ́n ń ki ọrùn ìgò bọ̀ dáadáa. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yí ìgò náà, tí wọ́n sì ń dorí rẹ̀ kodò, títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á fi wálẹ̀ sẹ́nu rẹ̀. Wọ́n á wá ki ọrùn ìgò sínú èròjà olómi tó tutù tó 27 °C nísàlẹ̀ òdo, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dì. Bí wọ́n bá ti ṣí i, agbára inú ìgò á ta yìnyín náà jáde. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n ń fi ṣúgà sí i: Brut, irú tí kò dùn, kì í tó gíráàmù 12 nínú lítà kan, demi-sec, irú tó dùn, ń gba 32 sí 50. Ẹni tó fẹ́ràn ọtí dídùn tó lọ ra Brut, kó má sọ pé ó kan o.

Ilé Moët, tí wọ́n ń ṣí ọtí rẹ̀ lóde ìnáwó, wà ní Épernay, ìlú mìíràn ní Champagne, láti 1743. Kìlómítà 28 ni àjà ilẹ̀ wọn. Ilé méjì tó fún ọjọ́ kan; ní ilé kẹta, ahọ́n ò mọ ìyàtọ̀ mọ́. Ẹ sanwó ṣáájú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ìrìn tí wọ́n ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní àkókò tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti gbígbé ìgò wálé kún un. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó nǹkan bí kílò 1.6, mẹ́fà á súnmọ́ kílò 10. Inú àpótí tó ń lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú ni kẹ́ ẹ kó o sí, láàárín aṣọ. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ fi sínú fíríìjì fún wákàtí mẹ́rin, kì í ṣe fírísà, ibẹ̀ ló ti ń bẹ́. Agbára inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti táyà mọ́tò, nítorí náà ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìdérí mọ́lẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń tú wáyà rẹ̀. Ẹ wá di ìdérí mú gírígírí, kẹ́ ẹ máa yí ìgò.