Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ánímè (fíìmù àwòrán ilẹ̀ Japan) olólùfẹ́ tó ń pani lẹ́rìn-ín, tó sì ní ẹ̀dá ayé mìíràn nínú

Ẹyẹlé: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyàwó mi fẹ́ràn fíìmù olólùfẹ́, èmi ọkọ̀ òfurufú àti ẹ̀dá ayé mìíràn ni tèmi. Ogun rọ́bọ́ọ̀tì ti sú u. Èwo la lè jọ wò lálẹ́ Sátidé, ká sì rẹ́rìn-ín?

OníFíìmù: Urusei Yatsura 2: Beautiful Dreamer, ti 1984. Mamoru Oshii ló darí ẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ wá òmíràn lọ.

Ìràwọ̀Òwúrọ̀: Ẹ̀gbọ́n OníFíìmù, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, àmọ́ ẹni tí kò bá tíì mọ Lum àti Ataru, àwọn méjì tí ìtàn Urusei Yatsura dá lé lórí, ibi ẹ̀rín ibẹ̀ ò lè yé e. Only You, fíìmù Urusei Yatsura àkọ́kọ́, ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ti 1983. Oshii náà ló ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n Ẹyẹlé, bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Inú ìwé àwòrán Rumiko Takahashi ni wọ́n ti wá, èyí tó ń jáde láti 1978 sí 1987. Àwọn ẹ̀dá ayé mìíràn kan tó níwo lórí fẹ́ gba ayé wa, wọ́n ní àfi kí ọmọ ayé kan lé Lum, ọmọ wọn obìnrin, kó sì di ìwo ẹ̀ mú láàárín ọjọ́ 10. Ta ni wọ́n yàn? Ataru, tí ojú ẹ̀ kì í kúrò lára obìnrin! Ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ ti ṣèlérí pé tó bá borí, òun á fẹ́ ẹ. Ló bá gbá ìwo mú lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó ń pariwo pé ìgbéyàwó yá. Lum rò pé òun ló ń sọ ọ́ fún, ó gbà, ó kó wá sílé ẹ̀. Látìgbà náà, bí Ataru bá wo obìnrin mìíràn báyìí, iná mànàmáná ni Lum fi ń dá a lóhùn.

Nínú Only You, Ataru ọmọ ọdún 6 ń ṣeré, ó tẹ òjìji ọmọbìnrin kan mọ́lẹ̀. Níbi tí ọmọ yẹn ti wá, ẹni tó tẹ òjìji ẹ ti di ọkọ ẹ nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún 11, ọmọ náà ti di ọbabìnrin, ó sì fìwé ìgbéyàwó ránṣẹ́. Ìyàwó yín á gbádùn ìjà òun àti Lum lórí Ataru.

OníFíìmù: Kò burú, kí wọ́n fìyẹn ṣíwájú. Àmọ́ kí wọ́n má fo Beautiful Dreamer o. Ọ̀la ni ayẹyẹ ilé ìwé, ọ̀la ò sì dé. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ kíláàsì ń múra, táńkì ogun wà láàárín kíláàsì. Nígbà tó yá, ìlú di ahoro, síbẹ̀ iná ń tàn nílé Ataru, oúnjẹ inú ṣọ́ọ̀bù ò sì tán. Ẹ fetí sí ohun tí Lum sọ nínú ọkọ̀ lóru nípa ìgbésí ayé tó wù ú: kí òun máa bá Darling òun (bó ṣe ń pe Ataru nìyẹn), àwọn òbí ẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ gbé títí láé. Gbogbo fíìmù yẹn wà nínú gbólóhùn yẹn.

Àbẹ̀níÒru: Ohun tó so èmi mọ́ wọn ni pé Ataru ò jẹ́ sọ pé òun nífẹ̀ẹ́ Lum. Nínú fíìmù Urusei Yatsura karùn-ún, ti 1988, Ataru tún ní láti lé Lum kó sì di ìwo ẹ̀ mú, ayé tún wà nínú ewu. Lum ní kó ṣáà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó kọ̀, torí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí wọ́n fi tipá gbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ tó bá jẹ́ fíìmù kan ṣoṣo lẹ ń wá, bí kò tiẹ̀ sí ẹ̀dá ayé mìíràn níbẹ̀, The Girl Who Leapt Through Time ni, ti Mamoru Hosoda, 2006. Ìṣẹ́jú 98 péré. Makoto rí agbára àtipadà sẹ́yìn nínú àkókò, ó wá ń lò ó láti kọrin karaoke síwájú sí i. Nígbà tí Chiaki ọ̀rẹ́ ẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ńṣe ló ń dá àkókò padà kí ọ̀rọ̀ náà má bàa jáde. Ẹ ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀rọ̀ á fi dójú ẹ̀.

Ẹyẹlé: Ẹ ṣeun gan-an ni. Ti Makoto la ó wò ní Sátidé, Only You lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé ọmọ wa ọmọ ọdún 8 lè bá wa jókòó?

Ìràwọ̀Òwúrọ̀: Ti Makoto, ó lè bá yín wò ó. Ní ti Only You, ẹ jẹ́ kó sùn ná. Kọ́mú àti pátá onílà bíi ti ẹkùn ni aṣọ Lum, ojú Ataru ò sì mọ́.