Kóòdù ẹ̀yìn dídùn tí ìnṣọ́ránsì dá padà

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ bílì, kó jọ̀ọ́ gbà mí. Ẹ̀yìn ló ń dun aláìsàn, a kọ kóòdù rẹ̀, M54.5, sínú bílì, ìnṣọ́ránsì dá a padà pé kóòdù náà kò sí. Bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì wa.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Maryland: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ já ìwé yẹn dànù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2021 ni wọ́n ti yọ M54.5. M54.50, M54.51 àti M54.59 ló wà báyìí. Ọdọọdún ni ICD-10-CM, ìyẹn àkójọ kóòdù àìsàn tí a ń lò ní Amẹ́ríkà, ń yí padà ní oṣù kẹwàá, ó sì lè tún yí ní oṣù kẹrin.

Ìyá Ìbejì: Èwo ni kí n mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ohun tí dókítà bá kọ ni, mà. Ẹ má bá a méfò. Ẹ wo àpẹẹrẹ orúnkún dídùn: M25.561 ni ti ọ̀tún, M25.562 ni ti òsì. M25.569 ni tí kò bá sọ ẹsẹ̀ tó jẹ́, àmọ́ ìnṣọ́ránsì kì í fẹ́ràn ìyẹn, torí dókítà ṣáà fojú rí ẹsẹ̀ náà. Ẹ kọ̀wé bi í pé “Ẹsẹ̀ wo ni?” Ẹ má kọ “Ṣé ọ̀tún ni?”, ẹ ó ti fi ìdáhùn sí i lẹ́nu nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Tó bá wá kọ pé “ó jọ ibà ẹ̀fọn” ńkọ́? Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, ara rẹ̀ ń gbóná.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹni tó wá tó sì padà sílé, a kì í kọ “ó jọ” fún un. R50.9 ni, ìyẹn ara gbígbóná. Tí láàbù bá ti rí falciparum, ìyẹn ọ̀kan nínú kòkòrò tó ń fa ibà ẹ̀fọn, tí dókítà sì kọ ọ́, B50.9 yá. Ti ẹni tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù yàtọ̀ o.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Atlanta: Ẹ dákun, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa. SS tí kò sí nínú kíráísìsì ni D57.1. SC ni D57.20. AS lásán, D57.3 ni. Mo ti rí AS tí wọ́n kọ D57.1 fún, owó wọlé, àmọ́ àìsàn tí kò ṣe é ti wà nínú fáìlì rẹ̀, gbogbo dókítà tó bá ṣí i ló máa bá a níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Háà! Ibo ni mo ti lè rí àkójọ tuntun láìsanwó?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: CDC àti CMS, àwọn àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ń gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo ọjọ́ tí aláìsàn wá kí ẹ tó yan ti ọdún wo, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ fi bílì ránṣẹ́.