Fọ́tò gbọọrọ láti orí Olúmọ: kí ló kù kí n ṣe sí i?

Ẹ̀yin àgbà oníkámẹ́rà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ fọ́tò yìí wò, kí ẹ má wojú mi rárá. Orí Àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta ni mo ti yà á: òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ súà, Odò Ògùn sì wà lọ́ọ̀ọ́kán.

Mo gbé kámẹ́rà dúró lóòró, mo ń yà á láti òsì lọ sí ọ̀tún, fọ́tò kọ̀ọ̀kan wọ inú èkejì tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Mi ò jẹ́ kí kámẹ́rà máa fúnra rẹ̀ yí ìmọ́lẹ̀ padà. Kọ̀ǹpútà ló so wọ́n pọ̀.

Àwọn ilé tó jìnnà dán mọ́rán. Irin ààbò tó wà nítòsí mi ló ń dà mí láàmú: gbogbo ibi tí fọ́tò méjì ti pàdé ló ti ṣẹ́. Wọ́n ní ojú kámẹ́rà ló yẹ kó dúró lójú kan bí mo ṣe ń yí i, kì í ṣe ara mi. Ṣé dandan ni kí n ra orí pàtàkì tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà yí bẹ́ẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo ń gbé kámẹ́rà lé ni (owó ò sí nílẹ̀ o), àbí kí n kàn yọ irin náà kúrò nínú àwòrán?

Ọyẹ́ tún sọ ojú ọ̀run di funfun báláú. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gé ìdajì rẹ̀ dànù, èmi ò gbà, torí òrùlé nìkan ò ní jẹ́ kójú ríbi sinmi. Kí lẹ rí sí i?