Èmi àtìyàwó mi fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ Badagry

Ẹ̀yin tèmi, Kubwa l'Abuja là ń gbé, àmọ́ tá a bá dé Èkó lásìkò Iléyá a fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Mile 2 lọ Badagry ká sì padà lọ́jọ́ kan náà, ṣé ó ṣe é ṣe?

— Ó ṣe é ṣe kẹ̀, ibẹ̀ tẹ́jú, kò ní òkè bíi Abuja. Tírélà ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ gbé túùbù dání o, táyà danfo lọ̀pọ̀ fọkanáísà mọ̀.

— Ẹ̀gbọ́n, ẹ sùn síbẹ̀ jàre! Ẹ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí wọ́n parí ní 1845, ẹ wọkọ̀ ojú omi lọ erékùṣù Gberefu, ibẹ̀ lẹ ti máa rí òkun gan-an, ọ̀sà ló wà létí ìlú.

— Ṣé ìyàwó ti gun kẹ̀kẹ́ jìnnà rí ṣá? Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní Jabi Lake.

— Òun ló ń fà mí lọ o 😂